Ọkọ̀ Tí Mo Rì Bọmi Kí Ó Má Baà Là

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo mọ̀ pé a kì í kí ẹni tó ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé wa náà lẹ ṣì wà, lábẹ́ igi àgbọn tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn, èmi ni mo sì ń jáde lójoojúmọ́. Ẹni tó bá jáde ló ń kí ará ilé.

Ègùn là ń bá ara wa sọ, ẹ óò sì máa bi ara yín pé kí ló dé tí mo fi ń kọ Yorùbá. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé kíkọ nílé ìwé ìjọ, Bàbá. Ẹ sì rántí pé ẹ̀yin náà lẹ máa ń ní kí n ka Bíbélì Yorùbá sí yín létí bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ óò dijú, màá rò pé oorun ti gbé yín lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá fo ẹsẹ kan báyìí, ẹ óò lajú, ẹ óò ní kí n padà síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dijú. N kò ní fo nǹkan kan.

Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo. Òjò ló ń rọ̀ nígbà tí ẹ lọ, àkọ́rọ̀ òjò ló sì ń kán sórí páànù bí mo ti ń kọ èyí. Láàárín òjò yẹn sí òjò yìí, ojú mi ti rí nǹkan.

Ẹ kò tíì mọ̀ pé n kò níṣẹ́ mọ́. Nígbà tí mo padà sí Èkó lẹ́yìn ìsìnkú yín, wọ́n pè wá jọ sínú gbọ̀ngàn ibi iṣẹ́, ọ̀gá kan tí n kò rí rí ló bá wa sọ̀rọ̀. Ó ní owó ìjọba kò ká gbogbo wa mọ́, pé kí á máa lọ sílé, kí á má sì bínú. Kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Mo kó kọ́ọ̀pù mi àti sálúbàtà tí mo máa ń wọ̀ lábẹ́ tábìlì, mo fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi dáadáa bí mo ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, mo sì jáde. Nínú mọ́tò tó ń gbé mi bọ̀ ní Àgbádárìgì, ìka mi ṣì ń tẹ nǹkan lórí itan mi. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ara mi kò yá ni. Kí ni ǹ bá ti sọ fún un?

Ilé tí mo dé bá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ewéko tó ń léfòó yẹn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ti apá Àjàṣẹ́ wọ́ wá kí àìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀, tí ẹ wo òdòdó rẹ̀ tí ẹ ní ó ti lẹ́wà jù fún àlejò tí a kò pè, ó ti gba gbogbo ọ̀sà. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé pápá ni, yóò fẹ́ rìn lórí rẹ̀. Àwọn ará èbúté ti sọ ọ́ ní Ṣọ́jà, nítorí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè é, ó dé, ó gba ibi gbogbo, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò lọ. Wọ́n máa ń wẹ̀yìn wò kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀ o. Ọkọ̀ kò lè kọjá sí Topo ní òdìkejì ọ̀sà mọ́. Àwọn apẹja a fi àdá gé ọ̀nà láàárín rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀nà ti dí. Bodè náà wà ní títì, àwọn oníbàárà Màmá tó ń ti Àjàṣẹ́ wá ra ẹja yíyan kò yọjú. Ọkọ̀ yín tí ẹ fi ń gbé èrò kọjá sì wà lórí iyanrìn, níbi tí ẹ fà á sí gbẹ̀yìn.

Màmá kò sọ̀rọ̀, Bàbá. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń yan ìwọ̀nba ẹja tí wọ́n bá rí, wọ́n ń fọ aṣọ dúdú wọn, wọ́n ń sá a, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ju kí wọ́n ní kí n wá jẹun lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí a bá so ẹnu Màmá mọ́ ìdí ọkọ̀, a kò ní nílò àjẹ̀. Ẹnu náà ló dákẹ́ yìí. Mo máa ń jókòó sí ìta ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, màá máa retí kí wọ́n bú mi.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohun gbogbo ń là. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo yà síbi ọkọ̀, mo sì rí i pé pákó rẹ̀ ti ń là pẹ̀lú. Àlàfo wà níbi tí pákó ti pàdé pákó, ìka mi wọ inú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sẹ̀tọ́njí ọmọ yín ti Morogbo wá. Ó ṣì ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò létí títì níbẹ̀, ó ti kọ́ yàrá méjì kún ilé rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ burúkú, Bàbá. Ó gbé ìrẹsì wá fún wa ní àkókò tí ènìyàn ń tò lórí ìlà nítorí ọṣẹ, tí ṣọ́jà sì ń fi kòbókò ṣọ́ ìlà náà. Ó wo ojú Màmá, ó wo ọ̀sà, ó ní:

“Àǹtí, Màmá ò lè máa jókòó sínú èéfín níbí, kí wọ́n máa wo omi tí ẹnikẹ́ni ò gbà kọjá. Ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ á lọ sí Morogbo. Ọkọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n là á sí igi ìdáná. Ó ti là fúnra ẹ̀ náà.”

Mo yíjú sí Màmá. Wọ́n ń fẹ́ iná. Mo ní kí Sẹ̀tọ́njí fún mi di Àjíǹde.

“Di Àjíǹde, kí ẹ fi ṣe kí ni? Ta ló máa wa ọkọ̀ ọ̀hún?”

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló rí i pé ẹ̀rín kò sí lójú mi. Ó ní ó dáa, tí ọkọ̀ bá wà lójú omi ní Àjíǹde, kí á dúró. Tí kò bá sí, òun yóò wá kó wa, a óò sì ti ilẹ̀kùn ilé yìí pa. Mo ronú kan ẹ̀yin lábẹ́ àgbọn. Bí a bá ti ilé pa, ta ni yóò máa kí yín? Òjò kan ṣoṣo ti tó fún igbó láti gba ẹ̀yìnkùlé yẹn.

Ohun tí ẹ máa ń ṣe ni mo ṣe. Ẹ rántí ìgbà tí mo kéré, tí mo kọ́kọ́ rí i tí ẹ ń kó àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ nígbà ọyẹ́, tí ẹ ń jẹ́ kí omi gbà á lọ sísàlẹ̀? Mo figbe ta, mo rò pé ẹ ń pa ọkọ̀ wa ni. Ẹ gbé mi sí èjìká, ẹ ní pákó tó bá wà lábẹ́ omi ń mu omi, ó ń wú, àlàfo rẹ̀ ń padé. Ẹ ní èyí tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn ni kí n máa sunkún fún. Àwọn apẹja èbúté bá mi ti ọkọ̀ wọ inú omi, a gé Ṣọ́jà kúrò níbẹ̀, a kó iyanrìn sí i, ó rì. Mo ri ọ̀pá yín, ọ̀pá gígùn tí ẹ fi ń ti ọkọ̀, mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ ibi tó wà. Ewéko tún padé mọ́ ọn lórí. Kò sí ohun tí ojú ń rí mọ́ bí kò ṣe orí ọ̀pá.

Ìgbà náà ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀, Bàbá, nítorí kò sí iṣẹ́ kankan láti ṣe. Ẹni tí ń wakọ̀ mọ ohun tí òun jí fún. Ẹni tí ń tẹ ìwé nílé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ri ọkọ̀ mi bọmi, kí ni mo jí fún? Rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé kí á fara dà á, pé nǹkan yóò dára. Sùúrù wo ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ atukọ̀? Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí mo dojú kọ ògiri, tí ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, tí n kò rí ìdí kan tí mo fi ní láti bọ́ sílẹ̀. N kì yóò purọ́ fún yín pé mo dìde ní gbogbo ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí mo bá dìde, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí.

Mo máa ń rántí ìpè yín. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ óò lọ dúró ní èbúté, ìbáà ṣe èrò wà, ìbáà ṣe kò sí, ìbáà ṣe òjò ń rọ̀, ẹ óò ká ọwọ́ mọ́ ẹnu, ẹ óò ké pè wọ́n ní Ègùn kí wọ́n máa bọ̀: “Mì wá o! Topo o! Mì wá!” Ojú máa ń tì mí nítorí yín. Ọjọ́ kan, èbúté ṣófo, kìkì ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ sì ń ké. Mo bi yín pé ta lẹ ń pè. Ẹ ní ẹ kò pe ẹnikẹ́ni, ohùn yín lẹ ń jí, kí èrò má baà dé lọ́jọ́ kan kí ó bá a lójú oorun. Ẹ yí padà, ẹ sì pe ewúrẹ́ náà kó máa bọ̀. Ó wò yín, ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

N kò lè pè bíi tiyín. Mo gbìyànjú rẹ̀, kò jáde. Ṣùgbọ́n mo ń lọ. Màá gbá èbúté, màá fa Ṣọ́jà tó bá sún mọ́ etí omi sókè, màá gbọ́n ẹrẹ̀ kúrò lára ibi tí èrò ń tẹ̀, èrò tí kò sí. Àwọn apẹja ń kí mi kú iṣẹ́, wọ́n ń fẹnu bo ẹ̀rín. Bí mo bá padà délé tí mo ti ṣe ìwọ̀nba yẹn, oúnjẹ máa ń lọ lẹ́nu mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún yín náà? Ṣé àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ẹ̀yin náà dojú kọ ògiri, tí àwa kò mọ̀?

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Omi iyọ̀ ti ìhà òkun wọ inú ọ̀sà bí ó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, Ṣọ́jà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó dúdú, ó ń jẹrà. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé sọ, ṣùgbọ́n inú gbogbo èbúté dùn sí òórùn náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo jí tí n kò rí ọ̀pá yín mọ́.

Mo bi gbogbo ènìyàn. Igi ìdáná ti wọ́n, kẹrosíìnì kò sí, mo gbà pé ẹnì kan ti fà á yọ lọ dáná. Mo sunkún lórí ọ̀pá yẹn ju bí mo ti sunkún lórí iṣẹ́ mi lọ. Mo wá ń fi ẹsẹ̀ wá ọkọ̀. Láràárọ̀ ni màá ká ìró sókè, màá wọ inú omi dúdú yẹn, màá máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ tọ ilẹ̀ wò láàárín ewé jíjẹrà. Mo mọ̀ pé nígbà tí a rì í, omi mù mí dé àyà níbẹ̀, nítorí náà ibi tí omi ti ń mù mí dé àyà ni mo ń wá a sí. Ẹrẹ̀ ni mo ń tẹ̀, ẹrẹ̀ ṣáá. Eṣúṣú lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Àwọn apẹja kò fẹnu bo ẹ̀rín mọ́, wọ́n bá mi wá a títí, wọ́n sì padà sídìí àwọ̀n wọn. Ọ̀kan nínú wọn rọra sọ fún mi pé ó lè jẹ́ pé ìṣàn omi ti gbé e lọ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ó di Ọjọ́ Ẹtì Rere, mo jáde kúrò nínú omi, mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ìkòkò. Mo ti sọ fún ara mi pé Morogbo náà kì í ṣe òkè òkun. Mo ń fi àkísà wé ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ìkòkò, wọ́n wò mí. Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, yàrá tí n kò wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wà nínú ọ̀fọ̀, wọ́n sì jáde. Ọ̀pá yín wà lọ́wọ́ wọn.

“Dìde,” ni wọ́n wí. “Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn lo rì í sí.”

Mo gbé ìkòkò sílẹ̀, mo dìde. Wọ́n ti ń lọ sí èbúté, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ láìwẹ̀yìn.

“Èmi ni mo yọ ọ́. Tí mo bá gbójú sókè nídìí ẹja, tí mo rí ọ̀pá yìí nínú omi, mo máa ń rò pé bàbá ẹ ló dúró síbẹ̀ tí kò fẹ́ wọlé. Mi ò lè máa wò ó mọ́. Mo mọ ibi tí ọkọ̀ wà, mo rò pé ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀ nìyẹn? Omi ti sún sẹ́yìn látìgbà ọyẹ́, ìwọ ń wá ibi tó máa mù ẹ́ dé àyà. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń sàmì ọkọ̀, wọn kì í fi omi sàmì. Ọmọ ta ni ẹ́ gan-an?”

Bàbá, wọ́n bú mi! Wọ́n bú mi láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé etí omi, mo sì ń tẹ̀ lé wọn, omijé ń bọ́ lójú mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró lọ́gangan àgbọn tó tẹ̀ sójú omi, wọ́n fi ẹ̀yìn tì í, wọ́n wo orí òrùlé ilé àwọn fadá ní Topo, wọ́n sì wọ inú omi tààrà. Kò tilẹ̀ mù wọ́n ju orúnkún lọ. Wọ́n ti ọ̀pá bọ inú ewé jíjẹrà, ó sì dún kò lórí igi. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi ló wà láti ọjọ́ yìí. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láràárọ̀ lọ síbi tó jìn.

A gbé e sókè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere lẹ́yìn ìsìn, èmi àti àwọn apẹja. A kó iyanrìn kúrò, a gbọ́n omi, a fọ̀ ọ́. Gbogbo àlàfo ti padé pátá. Nígbà tí Sẹ̀tọ́njí dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú mọ́tò tó fẹ́ fi kó ẹrù wa, ọkọ̀ yín ti wà lójú omi, a ti so ó mọ́ èèkàn. Ó wọ inú rẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi gbogbo bí ẹni ń wá ibi tó ń dun aláìsàn.

“Kò jò,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó wo Màmá, tí wọ́n ń bínú sí i pé ó wọ bàtà wọ inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Mọ́tò náà padà sí Morogbo lófo. Ó kàn ní kí á má gbàgbé láti máa wá kí àwọn ọmọ òun.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, mo lọ dúró ní èbúté. Mo ká ọwọ́ mọ́ ẹnu. Ohùn tó jáde kọ́kọ́ há, ó dà bí ti àkùkọ tí kò tíì gbó, mo tún un ṣe. “Mì wá o! Topo o!” Kò sí ẹnikẹ́ni. Ewúrẹ́ kan tilẹ̀ kò sí. Mo ti ń tú okùn láti fi ọkọ̀ òfìfo kọ́ ọwọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Màmá ni, pẹ̀lú igbá ẹja yíyan lórí wọn. Wọn kò tíì fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Wọ́n jókòó sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n gbé igbá lé itan, wọ́n ní kí ni mo ń wò.

Mo wa ọkọ̀ yín lọ, Bàbá. Mo wà á burúkú. Kí a tó dé àárín ọ̀sà, Màmá ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé apá òsì ni mò ń yà sí, pé bí ẹ bá rí mi ojú yóò tì yín. Lẹ́yìn náà wọ́n dákẹ́. Mo bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ náà, nítorí mo ti mọ̀ ọ́n. Èbúté Topo ti wà níwájú wa, ó ṣófo. Màmá gbé igbá ẹja kúrò lórí itan, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ ẹnu bí ẹ ti máa ń ṣe, wọ́n sì ké e, ohùn wọn ròkè ju tèmi lọ, ó ròkè ju tiyín pàápàá: “Mì wá o! Mì wá!”

Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹnì kan sì dáhùn láti inú àgbọn ní Topo, pé kí á dúró de òun.

Iṣẹ́ kò tíì sí, Bàbá. Ọṣẹ ṣì wọ́n, ṣọ́jà ṣì wà lórí ìlà, bodè ṣì wà ní títì. Òjò tó ń rọ̀ yìí yóò sì lé omi iyọ̀ lọ, ewéko yóò padà wá, mo mọ̀. Bó bá dé, a óò máa gé e. Bó bá tún borí wa, a óò ri ọkọ̀ bọmi, a óò dúró dè é. Màmá ti ní tí a bá tún fẹ́ rì í, àwọn ni yóò sàmì síbẹ̀. Mo gbé ọ̀pá yín ti àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí kí omi ara rẹ̀ lè ro. N óò wá mú un bí ilẹ̀ bá mọ́. Tí ẹ bá gbọ́ igbe ní èbúté, ẹ má ṣe dìde o. Àwa méjèèjì ni.

Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín, kí òjò sì rọra kán sí yín.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó ń wa ọkọ̀ yín, tó ṣì ń yà sí apá òsì.